Bí Mo Ṣe Gbé Ibùdó Rélùwéè Ìfọ̀ Wá Bá Bàbá Mi

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ọ̀nà Ọ̀fàdà,
Mowe, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Hàfísátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú wọn. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àmọ́ ó rẹ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Èkó, orí ìjókòó ni oorun ti ń gbé mi lọ.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi wà látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún. Ìfọ̀ ni wọ́n ṣáà ń bèèrè. Ibùdó rélùwéè tí wọ́n ti ń fi àsíá aláwọ̀ ewé júwe fún ọkọ̀ ojú irin títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àfi kí wọ́n tún un rí. Bẹ́ẹ̀ wọn ò lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò. Ni wọ́n bá ní, "Bó ò bá lè gbé mi lọ síbẹ̀, gbé ibẹ̀ wá bá mi."

Mo lọ sí Ìfọ̀ ní Sátidé kan, mo wo ibùdó náà dáadáa. Mo fi páálí ṣe irú rẹ̀ kékeré, pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù méjì tí rélùwéè ń fà. Àmọ́ ó ń dán bí ohun ìṣeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Mo wá mú pẹ́ńsù aláwọ̀. Mo fi àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ọsàn ṣe ìpẹtà sára ọkọ̀, mo fa dúdú wálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé bí ìgbà tí òjò bá ṣan ẹ̀gbin sára ògiri. Mo ha àwọ̀ eérú sórí páànù, mo sì ń fi ìka pa á títí ó fi dà bí eruku. Ọrùn dùn mí, ojú dùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, òun gan-an ni.

Mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n wò ó títí. Mo rò pé wọ́n á yìn mí ni.

"Nurat, ta ló jẹ́ kó bàjẹ́ báyìí?"

"Bó ṣe rí báyìí nìyẹn, Bàbá."

"Ọdọọdún la máa ń kùn ún lọ́dà funfun." Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, aláìsàn ni mo sì lọ bù ú fún. Lọ́jọ́ kejì, mo mú rọ́bà ìparẹ́ pé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí mo ṣe ń pa á ni páálí ń ya. Bàbá mi gbọ́ ìró rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Gbé e wá, kí o mú pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé dání."

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mú un. Wọ́n ya ọkùnrin kan sẹ́nu ọ̀nà ibùdó náà. Ó wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó na àsíá sókè.

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́," ni wọ́n wí.

Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, wọn ò bèèrè Ìfọ̀ mọ́. Hàfísátù, mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n sunkún.

Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ, kí o bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Bó o bá ráyè, wá bá mi jókòó ti bàbá mi díẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni,
Nurat.