Eré Tí Màmá Ń Fi Etí Wò

Bọ̀dá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Àwa náà ṣì wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, ọkọ mi tó jẹ́ káfíńtà sì ń sọ pé ọ̀la lòun máa tún un ṣe.

Ẹ ní kí n má jẹ́ kí Màmá máa fi àkókò ṣòfò nídìí eré tẹlifíṣọ̀n tí kì í parí yẹn. Òótọ́ ni, eré ọ̀hún ò lórí, kò nídìí: wọ́n kàn ń fẹ́ra, wọ́n ń kọra. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé ojú Màmá ò ní ríran mọ́. Etí ló fi ń wò ó báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn inú eré náà bá húkọ́ lásán, á ti dárúkọ ẹ̀. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn kì í yà kí i.

Nígbà tí ẹ pè lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé fóònù sí i létí. Ó gbọ́ yín títí, ó wá rọra bi mí pé, “Èwo nìyí nínú wọn?”

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa. Tí ẹ bá tún fẹ́ pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dìgbà ìpolówó ọjà. Màmá kì í fẹ́ kí n pa àwọn ọmọ òun lẹ́nu mọ́ nítorí àlejò.

Àbúrò yín