Bàbá Yín Tó Ṣẹ́kù Sínú Àwo

Ọmọ mi tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n tí kò já mi kulẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ò ro ọ́, ṣé iṣẹ́ ń gbè ọ́? Ẹni tó bá ní kí o má fara balẹ̀, òun náà ò ní ríbi fìdí lé. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ilé ìdáná, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń tẹjú mọ́ mi bí ẹni pé ó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀ ọ́ wò níbi iṣẹ́ ìwádìí yín ni mo ti fẹ́ kọ̀wé yìí, ọkàn mi ni kò gbà á. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé bàbá yín fọwọ́ sí i, ṣáájú iṣẹ́ abẹ tí wọn ò jí nínú rẹ̀, pé kí ẹ gé díẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ọmọ wọn lè rí nǹkan kọ́ lára ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dà wọ́n láàmú, àti pé ẹran ara iṣan náà ṣì wà láàyè nínú àwo lọ́dọ̀ yín, ẹ̀rín ni mo rín. Lẹ́yìn náà ni mo wá ibi jókòó sí.

Yàrá yín tutù, àmọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ fi wọ́n sí gbóná bí abíyá. O gbé àwo tí kò ju ìdérí ìgò lọ jáde, o gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, o ní kí n wojú tẹlifíṣọ̀n. Mo rí wọn. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn, wọ́n sùn ti ara wọn bí ìlà inú pákó, káfíńtà ni wọ́n ṣáà jẹ́ títí dọ́jọ́ alẹ́. O ní kí n má pè wọ́n ní bàbá, pé sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. Èmi ti ń pe bàbá yín ní “wọ́n” láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, ẹnu mi ò rí ibòmíì yà sí.

O ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbaná jẹ nínú ara. Bí iná náà bá mọ níwọ̀n, ìránṣẹ́ ni, òun ló ń sọ fún iṣan pé kó súnkì, kó dẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á jó iṣan, iṣan á nípọn, á le gbagidi. Mo bi ọ́ pé ta ló ń rán an níṣẹ́. O ní kò sẹ́nì kan, ara fúnra rẹ̀ ni. Ọmọ mi, ìránṣẹ́ wo ni kò lẹ́ni tó rán an? Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń mí báyìí. Mo kìlọ̀ fún aránṣọ ọ̀ọ́kán wa pé kó yé mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kí n gbọ́ tèmi.

Lẹ́yìn náà o fa omi bíńtín, o ní ìránṣẹ́ ọ̀hún ló wà níbẹ̀, kí n wo bí wọn yóò ṣe súnkì. Omi ò tíì kán. Mo ṣáà wúkọ́ ni, irú èyí tí mo máa ń wú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn kí n má baà já lù wọ́n lórí iṣẹ́. Gbogbo wọn súnkì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó yíjú wo ẹnu ọ̀nà. O ní òtútù ni. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ, ó dúró sójú kan, o ò sì kán omi náà mọ́.

Mo délé, àbúrò bàbá yín ti wá kó irinṣẹ́, ó ní òkú kì í lo ayùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì kú tán. Ó ní ẹ̀yà wo lára èèyàn ló gbọ́dọ̀ kú kí á tó pín ẹrù rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó jáde lọ́wọ́ òfo, ó ní òun gbọ́ tí àwọn pákó ń dún kẹ́kẹ́, tí wọ́n ń fún mọ́ra. Èmi náà máa ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ lórí fóònù pé ìgbà wo lẹ máa ń kán omi sí wọn, tí o sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó páànù.

Owó páànù tí o ní o fi sínú fóònù, mo gbọn fóònù títí, nǹkan kan ò jábọ́. Báńkì kọ̀wé pe èmi ní oníbàárà ọ̀wọ́n, mo dá wọn lóhùn, mo ní kí wọ́n bá mi kílé. Wọn ò fèsì. Jọ̀ọ́, fi òmíràn rán awakọ̀, kó jẹ́ èyí tó ṣeé dì mú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wá nìyí. O ní wọ́n ti ń gbó nínú àwo, ọ̀gá yín sì ní èmi ìyàwó ni kí n yàn, bóyá kí ẹ fi wọ́n sínú yìnyín fún ọdún gbọọrọ, tàbí kí ẹ dà wọ́n nù. Mo fẹ́ kí wọ́n wà. Ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lójú, tí kò lẹ́nu, tí kò lè dìde, tí ìránṣẹ́ ò sì yé wá bá, ìyà ló ń jẹ. Ẹ má fi wọ́n sínú yìnyín. Sọ fún wọn pé ìwọ ni, pé mo ní kí wọ́n máa lọ, kí o wá dà wọ́n nù fúnra rẹ. Tí o bá fọ àwo náà tán, tí o yẹ̀ ẹ́ wò, tí nǹkan kan ṣì ń súnkì níbẹ̀, má sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Ti ilẹ̀kùn, kí o máa bọ̀ nílé.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n. Ohun tí ò ń wá nínú iṣẹ́ yìí, wàá rí i. Ohun tó bá ń wá ọ, kò ní rí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.