Ọ̀rá Inú Ìgò Oníke

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọkọ̀ tó ń kó ike lọ fún àtúnlò kọ tiwa sílẹ̀ láàárọ̀. Awakọ̀ gbé ìgò oníke kan sókè lójú gbogbo wa: wọ́n ti ki ọ̀rá ẹlẹ́gbin kún inú ẹ̀ bámúbámú, wọ́n tún dé e pa. Ó ní irú ẹ̀ kan ló ń ba odidi ẹrù jẹ́. Táwọn bá tún rí i, àwọn ò ní wá mọ́.

Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ni o! Kí ọ̀rá má baà gba àyè — mo tún ń yangàn nínú ara mi. Ọlọ́gbọ́n ayé. Mo wolẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Alága àdúgbò (Ariwo ni mo ń pè é nínú ikùn mi) ti dájọ́. Ó ní ta ló ní ọ̀rá nílé tó télọ̀ àdúgbò wa? Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ibi tí à ń kó ike sí lọ́wọ́ ẹ̀. Télọ̀ yìí kan náà ló máa ń bá wa tún ìgò wa ṣàn! Ó sunkún, ó ní kì í ṣe òun.

Mo yí padà, mo wọlé tèmi lọ.

Ọjọ́rú, 5

Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Télọ̀ wá sílé. "Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bá wọn bú mi." Oníbàárà méjì ti gba aṣọ wọn padà, wọ́n ní ẹni tó lè purọ́ lórí ike á jí aṣọ. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo fa gbogbo ọ̀rá inú ìgò tó kù yọ, mo fọ àwọn ìgò náà, mo sá wọn síwájú ilé. Bàbá àwọn ọmọ ní kí ló dé. Mo ní kò sí.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ìpàdé. Mo dìde. Mo ní èmi ni mo ń ki ọ̀rá sínú ìgò, kí wọ́n fi télọ̀ sílẹ̀.

Ni Ariwo bá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin tí ìgò yín ń dán lójú oòrùn lánàá! Ìyàwó wa, ẹ má ru ẹrù ẹlẹ́rù." Mo ní òótọ́ ni mò ń sọ. Ó ní àánú mi ti pọ̀ jù. Nítorí tèmi, wọ́n ti dárí ji télọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́.

Télọ̀ di ọwọ́ mi mú, omi lójú. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ní, "Àmín."