Ẹ̀rọ Tó Kó Máàkì Ẹlẹ́rìn-ín Pamọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń bá mi ṣàríyànjiyàn bí mo bá fẹ́ dìde. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín yóò máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ yín.

Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù, pé bí Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ rẹ bá tún gba òdo nínú ìṣirò, wàá yọ ọ́ nílé ìwé kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo dá ọ lóhùn títí, o ò fèsì. Aládùúgbò wa ló ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, kò lè gbọ́ mi. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Wọ́n gbé tíṣà tuntun wá sí kíláàsì wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo. Ẹlẹ́rìn-ín délé, ó ní tíṣà ti kó gbogbo máàkì àwọn láti kíláàsì kìíní sínú kọ̀ǹpútà. Inú bí mi. Ta ló ń ṣa ẹ̀ṣẹ̀ ọmọdé jọ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ọlọ́pàá? Mo wé gèlè, ó di ilé ìwé.

Mo bá a lẹ́bàá fèrèsé, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ṣọ́ọ̀kì kún ọwọ́ rẹ̀. Mo kí i, mo kí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, torí mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n foríjì Ẹlẹ́rìn-ín, kí wọ́n pa òdo àtijọ́ rẹ́. Tíṣà ò fi mí ṣẹ̀sín. Ó fà mí jókòó, ó ní bí òun bá pa á rẹ́, báwo lòun ó ṣe mọ ibi tí òun ó ti bẹ̀rẹ̀? Ó ní máàkì inú ẹ̀rọ náà fi hàn pé ọmọ náà kì í ṣe olódo rárá: kì í ṣi ìròpọ̀, kì í ṣi ìyọkúrò, pípín ni kò yé e, àti gbogbo ohun tó bá pípín tan. Àwọn tíṣà àná kàn ń bá ìwé lọ ní tiwọn, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ ń ṣe àwọn mìíràn, òun sì ti ń kó wọn jọ láàárọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ pípín láti ìpìlẹ̀.

Ó wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní sáà tí máàkì rẹ̀ kọ́kọ́ já wálẹ̀. Ọmọ mi, mo fi ìka ka sáà padà. Sáà tí ìwọ àti ìyàwó rẹ kó lọ sí ìgboro ni. Ara rẹ̀ ló wà ní kíláàsì nígbà náà, ọkàn rẹ̀ wà lójú títì. Mi ò fi bá ọ wí o, iṣẹ́ lo wá lọ, òun náà lo sì ń ṣe é fún. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí mo fi délé.

Kò tíì borí nínú ìdánwò o, àmọ́ kò gba òdo mọ́. Lánàá ó pín bisikíìtì fún àwọn ọmọ ilé kejì, ó ní èyí tó kù lọ́wọ́ òun ni àṣẹ́kù. Ẹnikẹ́ni ò bi í! Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ nílé ìwé.

Bàtà rẹ̀ ti ya, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Tíṣà sì ní àwọn òbí máa wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn ní ìparí sáà. Bí owó ọwọ́ rẹ ò bá ká bàtà àti ọkọ̀ tí wàá wọ̀ wá, fi ti bàtà sílẹ̀, mo máa fi abẹ́rẹ́ rán èyí tó ya. Ìwọ ni kó o wá.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ délé pẹ̀lú ayọ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ.