Orúkọ Tí Mo Fi Dúpẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oorun sùn níbi tí o wà? Ara èmi àti ìyá rẹ le, ọkàn wa nìkan ni kò balẹ̀. Wàá ti rí i pé mi ò kọ àdírẹ́sì sókè, mi ò sì kọ orúkọ rẹ, èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà, tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àdírẹ́sì lẹ́tà. Ojú mi ti rí nǹkan ni.

Láti ọjọ́ Ajé tí Láwùmí ọ̀rẹ́ rẹ ti wá sọ fún wa pé o ti kó kúrò ní Agbowó, ẹnu mi ò tíì padé. Mi ò mọ̀ pé ọpẹ́ lásán lè lé ọmọ ènìyàn kúrò nílé.

Ìwọ lo mú mi wọ ẹgbẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, kí n máa bá wọn túmọ̀ ìlànà kírípítò, owó orí ayélujára wọn, sí Yorùbá. O ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo ayé ń lo iṣẹ́ wọn. Pé lóṣooṣù, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba ọgọ́rùn-ún máàkì tí yóò pín fún àwọn tí iṣẹ́ wọn wú u lórí, iye máàkì tí ènìyàn bá sì rí gbà ni wọ́n á fi san owó fún un. O wá kìlọ̀: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o." Níbẹ̀, ìwọ ń jẹ́ Òkúta, èmi ń jẹ́ Ìrèké. Mo rò pé eré ọmọdé ni.

Mi ò mọ̀ pé Òkúta ló tú àṣírí ọ̀gbẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ méjìlá nínú ẹgbẹ́, tó ń fi wọ́n fún ara rẹ̀ ní máàkì kó lè gbowó, tí wọ́n fi lé e dànù.

Lóṣù tó kọjá, máàkì tí wọ́n fún mi lé ní igba. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo kọ ọ́ sí gbàgede ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń kà pé kí wọ́n bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Òkúta, ọmọ bíbí inú mi tó mú mi wọ ẹgbẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ, mo fi oríkì rẹ kì ọ́, mo fi Agbowó kún un, àti ṣọ́ọ̀bù fọtokópì tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ. Bí a ṣe ń dúpẹ́ nílé wa nìyẹn.

Ẹnìkan dáhùn pé, "Bàbá, ẹ pa á rẹ́ kíá." Mo pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kà á ti kà á. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ dúró sí ṣọ́ọ̀bù náà, oríkì tí ìyá mi fún ọ ló fi ń bèèrè rẹ. Láwùmí ló sọ ọ́ fún wa. Títí di báyìí, mi ò lè pe oríkì náà.

Ọmọ mi, mo jẹ̀bi. Bí o bá ń bínú, bínú dáadáa. Kí Olúwa fi ọ́ pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń wá ọ má rí ọ, kí ojú àwa tí a bí ọ tún rí ọ ní àlàáfíà.

Èmi ni,
bàbá rẹ tí ẹnu rẹ̀ yá jù.

Àfikún: Ọgọ́rùn-ún máàkì tèmi ti oṣù yìí dé lánàá. Òkúta ni mo kó gbogbo rẹ̀ fún. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ìdí rẹ̀, mi ò kọ nǹkankan.