Ọmọ Náà Ti Tó, Èmi Ni Mo Ní Kò Tó

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òkè Kejì, Yàrá Ẹ̀yìn.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jiyàn? Mo gbà pé àwọn ọmọ wà dáadáa, àti pé àwọn ọmọ ọmọ kò jẹ́ kí o rójú jókòó. Ní tèmi, ara kò burú fún ọjọ́ orí mi, àfi eyín àtọwọ́dá tó máa ń fẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi.

O óò máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà, èmi tó jẹ́ pé fóònù ni mo fi ń kí ọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n óò yí ọ̀rọ̀ padà.

O mọ̀ pé ilé ọmọ mi obìnrin ni mo ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ilé-ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó tó gbàyè láti tọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́ta. Kínnìyẹn ni mo ń pè é, nítorí ohun tó ń bi gbogbo ayé nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Ilé-ìwòsàn ní kí ìyá rẹ̀ fèsì kó tó di ọ̀sán òní: bí kò bá padà, wọn yóò fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ó ní òun yóò padà bí ọmọ bá ti tó lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Bí kò bá tíì tó, òun yóò fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà ló ní kí n bá òun wò ó. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo gbà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ń gba ọmọ tuntun láyè láti wá ṣeré láàárọ̀. Ẹni tó mú un wá yóò jókòó tì í, yóò sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kan. Ṣé ọmọ lè sọ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n? Ṣé ó lè bọ́ bàtà rẹ̀? Ṣé ó lè dúró kó tó kàn án? Bí ẹ bá jáde, kí ló ṣe? Lọ́jọ́ kejì, Kínnìyẹn ti bọ́ bàtà tirẹ̀ tán, ó tún ń bọ́ tẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, olùkọ́ wọn ní kí n jáde díẹ̀. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun àti ọmọ kan tí imú rẹ̀ ń ṣàn ń da omi láti inú ife kan sí òmíràn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Odindi ogún ìṣẹ́jú, kò wò mí lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ náà jáde, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, ọmọ yìí ti ṣe tán o. Ẹ̀yin ló kù ká wá àyè fún." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi.

Bí ọmọ yẹn bá lọ, àbúrò mi, ta ni yóò kù nílé? Aago ara ògiri, àga méjì, àti èmi. Ẹni tó pe ibẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ilé sinmi. Nígbà tí a délé, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé náà pé: "Ó sunkún kíkankíkan. Kò tíì tó."

Ọmọ mi kà á, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹlòmíràn ì bá ní kí n fi í síbẹ̀ kó máa sunkún. Ẹ ò jẹ́ kó jẹ irú ìyà tí mo jẹ." Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀.

O mọ ìyà tó ń sọ. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹnu mi kò sọ ọ́ rí. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo fà á lọ sí kíláàsì, nítorí pé olórí ilé-ìwé ni mí, mo sì fẹ́ kí ayé rí i pé ọmọ mi ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń tọ̀ sára. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e, pé yóò mọ́ ọn lára. Ìwọ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà lo máa ń wá pọ̀n ọ́n lọ sílé, tí o máa ń fọ pátá rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó dé. Nígbà tí o sọ pé, "Bọ̀dá, ọmọ yìí kò tíì kúrò lẹ́yìn o," mo ní kí o kó ẹrù rẹ jáde nílé mi. Ó tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà kí ọmọ náà tó tún máa sọ̀rọ̀ ketekete. Mo jẹ̀bi, ìwọ lo jàre. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí gbólóhùn yẹn ti há mi lọ́fun.

Ṣé o wá rí ibi tí mo há sí? Ó rò pé ohun tí mo ṣe fún òun ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìdí tó fi gba irọ́ mi gbọ́ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ní ọmọ ti tó, yóò ní ìwà àtijọ́ mi ló tún dé. Bí mo bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún fi ọmọ ti òpùrọ́? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé yàrá, bí eku inú pàkúté.

Lánàá, níbi tó ti ń lọ aṣọ, mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, ó ní, "Bàbá, èwo ni kí n wá gbà gbọ́? Èmi ò tó, ẹ ní mo tó. Ọmọ mi tó, ẹ ní kò tó."

Mo ní, "Ojú ara rẹ ni kí o gbà gbọ́."

Ó ní, "Èmi ni n óò mú un lọ lọ́la. Ẹ má tẹ̀lé wa."

Wọ́n jáde ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ yìí, mo sì jókòó ti lẹ́tà yìí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó wọlé, kò bọ́ bàtà, ó pe ilé-ìwòsàn, ó ní òun ń padà bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Bàbá, nígbà tèmi, ẹnì kan máa ń wá pọ̀n mí. Mo rántí ẹ̀yìn rẹ̀, n ò rántí ojú. Ta ni?"

Mo ní ìwọ ni. Ó ní ṣebí mo ti sọ fún òun pé ṣe lo kàn kó lọ. Mo ní rárá, èmi ni mo lé ọ, nítorí pé o pọ̀n ọ́n. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà rẹ. Mo kọ ọ́ sórí bébà, ó gbà á, ó sì jáde.

Bóyá wàá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ. Ohunkóhun tó bá bi ọ́ nípa mi, sọ ọ́ fún un. Má bò mí láṣìírí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ ọmọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pẹ́ kó tó gbọ́ràn,

Bọ̀dá Tíṣà.