Oko Ọsàn Tó Wà Nínú Jígí

Aládé-Ìdànrè

Mojọlá ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí àìsàn. Ọkọ rẹ ńkọ́? Olúwapamílẹ́rìn ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń rákòrò? A dúpẹ́ níbí. Òjò ń rọ̀ bí ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀, kòkó tí a sá ti fẹ́ bu, ewúrẹ́ mi sì bí méjì, ọ̀kan ló kù.

Bàbá rẹ ti rí iṣẹ́ tuntun ní Àkúrẹ́, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. O rántí pé ó ṣubú lórí ọ̀kadà kí o tó bímọ. Látìgbà náà, ọ̀pá tí a fi ń já kòkó, afẹ́fẹ́ ló ń fi já, kò sì sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni, àfìgbà tí Toheeb tó ń bá wa ṣe oko fà á lọ sílé ìwòsàn ojú. Dókítà ní ojú rẹ̀ méjèèjì ò fọ́, wọn ò kàn gbọ́ra wọn yé mọ́ ni, ọ̀kan ń wo Àkúrẹ́, èkejì ń wo Owena, ló ṣe ń rí nǹkan kan ní méjì. Wọ́n wá de jígí ńlá kan tó tó páálí bàtà mọ́ ọn lójú, wọ́n ní kó máa já ọsàn.

Ọmọ mi, oko ló wà nínú ẹ̀! Wọ́n gbé e sójú èmi náà, mo rí i. Ọsàn so wìtìwìtì, kò sí koríko, kò sí ìjàlọ, ejò kankan ò sí níbẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ń ro ó, nọ́ọ̀sì Hannah rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí oko kankan, àwòrán lásán ni, ojú ni wọ́n fi ń kọ́ kó lè máa wo ibì kan náà. Mo ní ẹ ṣeun. Ṣé èmi tí wọ́n bí sínú oko ni wọ́n fẹ́ tàn? Láti oṣù tó kọjá ni bàbá rẹ ti ń já ọsàn fún wọn, kò mú ẹyọ kan wálé rí, àwa la tún ń fowó ara wa wọ mọ́tò lọ. Toheeb ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta kòkó wa, ó sì tọ́ sí i. Ìwọ tó o wà ní Èkó, bá wa wá olóko yẹn kàn, kó fún bàbá rẹ ní ìpín tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Lọ́jọ́ ìkómọ tí bàbá rẹ kọ̀ tí kò gbé ọmọ, inú bí ọ, o ò sì tíì wálé látìgbà náà. Kò fẹ́ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ló rí lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò mọ èyí tí òun máa nawọ́ sí, ẹ̀rù ń ba òun kí òun má lọ gbá èyí tí kò sí mú, kí èyí tó wà bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tẹ́ ẹ lọ tán, ó sunkún.

Lánàá ó na ọ̀pá sí kòkó, kòkó já, Toheeb pariwo. Bàbá rẹ wọlé, ó wò mí títí, ó ní èmi náà ti di ẹyọ kan. Mo ní ẹyọ kan yìí náà ti pọ̀ fún un.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò Àkúrẹ́ ránṣẹ́, iṣẹ́ ò tíì tán. Ṣùgbọ́n bó o bá lè gbé Olúwapamílẹ́rìn wá kí ọdún tó parí, má wulẹ̀ wá olóko náà mọ́. Ọjọ́ tí bàbá rẹ bá nawọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ba ọmọ náà, wọ́n ti san ìpín wa nìyẹn.

Ojú yín ò ní ríbi, ọwọ́ yín ò ní tàsé oore.

Èmi ìyá rẹ,
Ọmọ́yẹlé